Ìtọ̀ Ẹlẹ́jẹ̀ àti Àmì Tí Dókítà Ń Wò

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá àgbẹ̀ kan tọ̀ ní òwúrọ̀, ó rí i pé ìtọ̀ òun pupa. Kò dùn ún rárá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìtọ̀ náà mọ́ padà. Bàbá ní, "Ó ti lọ nù un." Ẹ gbọ́ ná: ó lè má tíì lọ o!

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lè wá láti ara àtọ̀sí ajá, èyí tí à ń kó nínú omi odò. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Àpò yìí ni ìtọ̀ ń kó jọ sí kí á tó tọ̀ ọ́ jáde. Sìgá mímu ló ń fa jẹjẹrẹ yìí jù. Àtọ̀sí ajá tó pẹ́ lára láìtọ́jú náà lè fà á.

Kí ni dókítà yóò ṣe? Yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lẹ́nu gba ojú ìtọ̀ wọlé, kó lè wo inú àpò náà. Bí kókó bá wà níbẹ̀, wọn yóò gé e, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè méjì ni wọ́n fẹ́ dáhùn. Ṣé jẹjẹrẹ ni? Bó bá jẹ́ òun ni, ṣé èyí tó ń yára ni, àbí èyí tó ń rọra?

Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni purotéènì. Kì í ṣe inú ẹ̀wà àti ẹyin nìkan ló wà. Ara wa náà ń ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1983, àwọn onímọ̀ ní ìlú Kiel, ní Jámánì, sọ nípa ọ̀kan tí wọ́n pè ní Ki-67. Inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì nìkan ló máa ń hàn. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kékeré-kékeré tí a fi mọ ara wa. Bí Ki-67 bá pọ̀ nínú kókó, a jẹ́ pé ó ń yára dàgbà nìyẹn.

Èkejì ni p53, tí wọ́n rí ní ọdún 1979. Ó dà bí ọlọ́dẹ: kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ máa bí sí i. Bí ọlọ́dẹ náà bá bàjẹ́, jẹjẹrẹ lè máa ṣe bó ti wù ú.

Àmọ́ àmì wọ̀nyí kì í dá ẹjọ́ nìkan. Ohun tí dókítà ń kọ́kọ́ wò ni bí jẹjẹrẹ ṣe wọlé jìn tó, àti bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe rí. Nínú 4 tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, nǹkan bíi 3 ni kò tíì wọ inú iṣan àpò náà. Irú èyí ṣeé tọ́jú dáadáa. Ṣùgbọ́n ó máa ń padà wá, nítorí náà ẹni tí wọ́n ti tọ́jú gbọ́dọ̀ máa padà lọ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un.

Bàbá àgbẹ̀ wa ńkọ́? Kó má dúró de ẹ̀jẹ̀ kejì. Kó lọ sí ọsibítù lónìí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.