Ọgbẹ́ Mọ́kànlélógún tí Ìwé Ológun Kò Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn." Láàárín ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro, nítorí pé ẹnu ni a fi ń yin ọmọ tí ó bá ṣe dáadáa, etí gbogbo ẹbí ni a sì ti ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í fi ẹnu yin ènìyàn. Ìwé ni í fi í yìn ín. Ohun tí ó bá wà nínú ìwé ni ìjọba mọ̀. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí ni. Sójà tí ó ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun, tí akọ̀wé kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, ipò wo ni ó wà? Ta ni yóò bá a tún ìwé náà ṣe, ẹ̀rí wo ni yóò sì fi tún un ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. A ó fi ìtàn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó fi hàn bí ìwé ṣe lè sọ akọni di ẹni ìgbàgbé, àti bí ìwé kan náà ṣe lè gba orúkọ rẹ̀ padà.

ALÁBÀÁRÙ TÍ Ó DI AKỌNI

Henry Johnson ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìpínlẹ̀ North Carolina ni a bí i sí, ṣùgbọ́n ìlú Albany, ní Ìpínlẹ̀ New York, ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ alábàárù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1917, ó wọ iṣẹ́ ológun nínú ẹgbẹ́ ogun New York kan tí ó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tí a wá sọ di Ẹgbẹ́ Ogun 369. Ní ayé ìgbà náà, àwọn aláṣẹ ogun Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí dúdú àti funfun jọ jà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Faransé, ṣe ni wọ́n fa ẹgbẹ́ yìí lé àwọn ará Faransé lọ́wọ́. Akoto Faransé ni wọ́n dé, ìbọn Faransé ni wọ́n gbé, abẹ́ àṣẹ ọ̀gágun Faransé ni wọ́n sì ti jà.

Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1918, Johnson àti ẹnì kejì rẹ̀, Needham Roberts, ń ṣọ́nà lẹ́bàá igbó Argonne. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì, tí wọn kò dín ní 12, yọ sí wọn. Roberts fara gbọgbẹ́ púpọ̀, ó ṣubú, àwọn ọ̀tá sì ń gbìyànjú láti wọ́ ọ lọ sí ìgbèkùn. Johnson náà ti gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sá. Ó yìnbọn títí ìbọn rẹ̀ kò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ó fi ìdí ìbọn náà lù wọ́n. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ó fa ọ̀bẹ gbọ̀ǹgbọ̀ yọ, ó sì kojú wọn títí wọ́n fi fi Roberts sílẹ̀ tí wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọgbẹ́ tí ó gbà ní òru ọjọ́ náà jẹ́ 21.

Àwọn ará Faransé kò jáfara. Wọ́n fún un ní Croix de Guerre, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Àgbélébùú Ogun, pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ oníwúrà lára rẹ̀. Ó sì wà lára àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ gba irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀. Theodore Roosevelt, tí ó ti jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà rí, kà á mọ́ àwọn 5 tí ó láyà jù lọ nínú gbogbo ọmọ ogun orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1919, nígbà tí Ẹgbẹ́ Ogun 369 yan gba ìgboro New York kọjá, inú ọkọ̀ tí a ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀ ni Johnson wà, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń hó yèè sí i.

ÌWÉ TÍ KÒ RÍ ỌGBẸ́

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí ìwé. Ìwé ìtúsílẹ̀ tí a fún Johnson nígbà tí ó kúrò nínú iṣẹ́ ogun kò mẹ́nu ba ọgbẹ́ kankan. Ọgbẹ́ 21 tí gbogbo ìlú ti gbọ́, tí àwọn ìwé ìròyìn ti kéde, akọ̀wé ológun kò rí ẹyọ kan kọ. Ìjọba orílẹ̀-èdè tirẹ̀ kò sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ kankan nígbà ayé rẹ̀ fún ohun tí ó ṣe ní òru ọjọ́ náà. Faransé tí ó jẹ́ àlejò sí i rí iṣẹ́ rẹ̀; ilé rẹ̀ kò rí i.

Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ àti èjìká wá oúnjẹ òòjọ́ kò lè ru ẹrù bíi ti àtijọ́ mọ́ lẹ́yìn irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kú ní oṣù Keje ọdún 1929, nígbà tí kò tíì pé ẹni 40 ọdún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn rò pé itẹ́ àwọn tálákà ní Albany ni a sin ín sí. Ọdún 2002 ni a tó yẹ ìwé wò dáadáa, tí a sì rí i pé Arlington ni ó wà, itẹ́ ńlá tí Amẹ́ríkà ń sin àwọn ológun rẹ̀ sí, àti pé ẹ̀yẹ ológun ni a fi sin ín. Àkọsílẹ̀ náà wà níbẹ̀ fún ọdún 73. Kò sí ẹni tí ó lọ ṣí i wò.

ÀTÚNṢE TÍ Ó GBA ỌDÚN 97

Àtúnṣe dé díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní Purple Heart, àmì tí a ń fún sójà tí ọ̀tá bá ṣe léṣe. Ẹ kíyè sí i pé ọdún 1932 ni a gbé àmì yìí kalẹ̀ ní ìrísí tí ó wà lónìí, ọdún 3 lẹ́yìn tí Johnson ti kú. Ní ọdún 2002, wọ́n fọwọ́ sí Distinguished Service Cross fún un, èyí tí ó wà ní ipò kejì nínú ẹ̀yẹ ìwà akọni. Ó wá ku èyí tí ó ga jù lọ, Medal of Honor.

Odi ńlá kan dí ọ̀nà. Òfin Amẹ́ríkà dá àkókò tí a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yẹ yìí fún ni lẹ́yìn ìjà, àkókò ti Johnson sì ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Òkìkí nìkan kò lè wó odi náà, bẹ́ẹ̀ ni omijé kò lè wó o. Ẹ̀rí tí a kọ ní àkókò ìjà gan-an ni wọ́n ń béèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ Aṣòfin Àgbà Charles Schumer ti New York bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìwé àtijọ́ wò, wọ́n sì rí ìròyìn kan tí Ọ̀gágun Àgbà John Pershing, olórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Faransé, fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn ìjà náà, nínú èyí tí ó ti yin Johnson àti Roberts. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, òfin kan jáde tí ó yọ̀ǹda àkókò fún un. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2015, Ààrẹ Barack Obama gbé Medal of Honor kalẹ̀ ní orúkọ Henry Johnson; Louis Wilson, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ológun New York, ni ó bá a gbà á.

Wọ́n ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí akólòlò yìí tó pe baba, baba ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún 86.

KÌ Í ṢE ẸNÌ KAN ṢOṢO

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣìṣe akọ̀wé kan ni a ń sọ. Freddie Stowers, kọ́pọ́rà nínú Ẹgbẹ́ Ogun 371, aláwọ̀ dúdú bíi Johnson, kú sójú ìjà ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918. Ọ̀gá rẹ̀ kọ ìwé pé kí a fún un ní Medal of Honor. Ìwé náà sọnù sáàárín ìwé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1991 ni àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí wọ́n ti di arúgbó, tó gba ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ Ààrẹ George Bush.

Nínú Ogun Hitler pẹ̀lú, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó sin Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù kan, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí a fún ní Medal of Honor nígbà ogun náà. Ní ọdún 1993, àwọn ológun ní kí Yunifásítì Shaw wá ìdí rẹ̀. Àbájáde iṣẹ́ náà ni pé ní ọjọ́ 13 oṣù Kíní ọdún 1997, Ààrẹ Bill Clinton fi ẹ̀yẹ náà fún ènìyàn 7. Vernon Baker nìkan ni ó wà láyé láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba tirẹ̀. Nígbà tí àṣìṣe bá ń tọ ipa kan náà lọ, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ènìyàn kan náà ni ó ń bá, a kì í pè é ní ìgbàgbé mọ́.

Ọ̀NÀ TÍ SÓJÀ LÁSÁN Ń GBÀ

Kì í ṣe gbogbo sójà ni ó ní aṣòfin tí yóò bá a jà. Kí ni ẹni tí kò lókìkí máa ń ṣe ní Amẹ́ríkà? Láti ọdún 1950 ni a ti ń fún sójà tí ó bá ń lọ ilé ní ìwé kan tí a ń pè ní DD 214. Ọjọ́ tí ó wọ iṣẹ́, ọjọ́ tí ó jáde, ipò rẹ̀ àti àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwé yìí ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń wá ìtọ́jú, owó ìrànwọ́, ilé, tàbí ibi ìsìnkú. Bí àmì ẹ̀yẹ kan bá fò níbẹ̀, a kì í pa DD 214 rẹ́. Ìwé mìíràn, DD 215, ni a fi ń tún un ṣe, a ó sì so ó mọ́ ti àkọ́kọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ọdún 1946 ti la ọ̀nà fún ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àtúnṣe ìwé ológun. Àwọn tí kì í ṣe ológun ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kí ológun má baà jẹ́ adájọ́ lórí ẹjọ́ ara rẹ̀. Sójà ní ọdún 3 láti ìgbà tí ó bá ti rí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè fojú fo àkókò náà bí òdodo bá béèrè bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti kú, ẹbí rẹ̀ lè bá a béèrè. Ohun kan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ náà kì í fojú fò: ẹ̀rí.

Ẹ̀rí náà sì lè jóná. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná sọ ní ilé ìkówèésí ológun tí ó wà lẹ́bàá ìlú St. Louis. Ìwé tí ó jó tó mílíọ̀nù 16 sí 18. Nínú ìwé àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún 1912 sí 1960, nǹkan bí 80 nínú 100 ni ó ṣòfò, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Láti ìgbà náà, ohun kéékèèké ni àwọn akọ̀wé fi ń tún ìtàn ènìyàn kó jọ: ìwé owó oṣù, ìwé orúkọ àwọn tí ó wà ní ibùdó ní àràárọ̀, ìwé ilé ìwòsàn, lẹ́tà tí sójà kọ sí ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí wọ́n jọ wà nínú kòtò ogun. Lẹ́tà tí ìyá kan tọ́jú sínú àpótí aṣọ lè wá di ẹ̀rí tí ìjọba kò ní.

TIWA Ń KỌ́?

Ẹ̀yin olùkọ́, a kò sọ ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yìí kí a lè fi ṣe fàájì. Nígbà Ogun Hitler, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni ó lọ jà ní Bọ́mà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Myanmar lónìí, nínú Ẹgbẹ́ Ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà 81 àti 82. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àmì kan tí a ń pè ní Burma Star, ìràwọ̀ Bọ́mà, fún àwọn tí ó sìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé ní ogun ọdún 1914 sí 1918 wọ́n ń fín orúkọ sójà sí etí àmì rẹ̀, ní ogun kejì yìí wọn kò fín in mọ́. Ìràwọ̀ tí ó wà nínú àpótí bàbá àgbà kò lè fúnra rẹ̀ sọ ẹni tí ó ni ín. Bí ìwé ìtúsílẹ̀ bá ti sọnù, irin lásán ni ó kù. Bí ìwé bá sì wà, kódà bí irin bá sọnù, ọ̀nà ṣì wà.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, mọ èyí. Ó gbọgbẹ́ ní Bọ́mà ní ọdún 1944. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀tá fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí àwọn ará abúlé sì ń bọ́ wọn. Kò dúró de akọ̀wé ìjọba. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999. Ó kú ní ọdún 2012. Ohun tí ó kọ ṣì wà.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ láìkọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970 ṣì wà láàárín wa, àwọn tí ó lọ sí Làìbéríà àti Sierra Leone sì wà pẹ̀lú. Ẹ rán àwọn ọmọ iléèwé sí wọn. Kí wọ́n kọ orúkọ sójà náà bí ó ti wà nínú ìwé iṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, ọjọ́ tí ó wọ iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ó jáde, ibi tí ó ti gbọgbẹ́, ilé ìwòsàn tí ó ti tọ́jú rẹ̀, àti orúkọ ẹni méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Kí sójà náà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan níléèwé. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, ìwé àjákọ kan sì tó o.