Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ àti Gbèsè Ìdílé

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, bí baba bá jẹ gbèsè tí kò rí i san, ọmọ rẹ̀ lè di ìwọ̀fà nítorí rẹ̀. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ẹ̀ṣẹ̀. Bí wàhálà bá dé bá ọmọ Ìjọ Kátólíkì ní Òde Máhìn, ó lè máa bèèrè bóyá ó yẹ kí òun jẹ́wọ́ ohun tí baba ńlá òun ṣe.

Ìdáhùn Ìjọ ṣe kedere. Ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù, àjogúnbá ni, kì í ṣe àfọwọ́dá. Ìrìbọmi ni ó ń wẹ̀ ẹ́ nù. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá lẹ́yìn ìrìbọmi ni ó ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ńlá Látéránì ti pa á láṣẹ ní 1215. Ìwé Ìsíkíẹ́lì, orí 18, sì kọ̀ pé kí ọmọ ru ẹ̀bi baba.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yàtọ̀ sí ọgbẹ́. Ẹni tí ó jogún ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi ipá gbà kò jẹ̀bi ipá náà; bí ó bá mọ̀, tí ó sì di ilẹ̀ náà mú, ó ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, 1992, Póòpù John Paul Kejì tọrọ ìdáríjì Ọlọ́run ní erékùṣù Gorée, ní Sẹ̀nẹ̀gà, nítorí òwò ẹrú. Òun kọ́ ni ó ta ẹrú. Síbẹ̀ kò fi òtítọ́ pamọ́.

Ọmọ kì í ṣe ìwọ̀fà ẹ̀ṣẹ̀ baba rẹ̀. Kí ó jẹ́wọ́ tirẹ̀, kí ó sì dá ohun olóhun padà.