Kétu àti Ìmẹ̀kọ: kí ni à ń pè ní àjọṣepọ̀ lórí ààlà?

Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń sọ̀rọ̀ àjọṣepọ̀ lórí ààlà, Sẹ̀mẹ̀-Kràkẹ́ ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ ni Ààrẹ Talon àti Ààrẹ Buhari ti ṣí ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè àjùmọ̀lò ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ilé náà wúlò fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Èkó bọ̀ wá sí Kútọnú, a kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n fún àwa tí a wà lókè, láti Ìfọ̀nyìn, Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ̀bẹ̀ dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀nà oko ni ààlà. Ilé lè wà níhìn-ín kí oko wà lọ́hùn-ún, kí ọjà wà níhìn-ín kí àna wà lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà ní Párìsì. Wọ́n ní kí ìlà gbéra láti odò Àjàrá lẹ́bàá Àjàṣẹ́, kí ó máa lọ sí àríwá gbọọrọ, ó kọjá Kétu, ó kọjá Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n dárúkọ Ìpókíá nínú ìwé náà pé kí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kétu kò rí ẹnu sọ̀rọ̀, nítorí Dàhómì ti fọ́ ìlú náà ní 1886, ó sì ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ilé kọ́, wọ́n sì bá ìlà náà nílẹ̀. Alákétu wà lábẹ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n jẹ́ ilẹ̀ Kétu, bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn àgbà wa tètè mọ bí wọ́n ṣe ń lo ìlà yìí. Nígbà tí iṣẹ́ ipá, owó orí àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ogun 1914 sí 1918 pọ̀ lápọ̀jù lọ́dọ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ ìdílé láti Kétu, Ọ̀họ̀rí àti Ṣábẹ̀ẹ́ di ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí òdìkejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ṣàlàyé èyí nínú ìwé tó gbé jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àkóso òyìnbó. Ìwé yẹn yẹ ní gbogbo ilé ìkàwé tó wà ní kọ́múùnù wa.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Sẹ̀mẹ̀ ṣí padà ní oṣù kejìlá 2020. Ìdìrokò, tó dojú kọ Ìgólò, dúró di oṣù kẹrin 2022. Gbogbo ènìyàn ló rántí ìyẹn. Èyí tí wọ́n ti ń gbàgbé ni àṣẹ oṣù kọkànlá 2019, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Kpayo tó ń wọ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n fẹ́ dá dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni àwọn ará Ìlárá, àwọn náà ń dìbò bí ará Abẹ́òkúta ṣe ń dìbò. Epo orílẹ̀-èdè wọn di èèwọ̀ fún wọn nítorí ibi tí àwọn bàbá wọn kọ́lé sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ pé ènìyàn ń gbé ní etí ìlú, kí ó wo àṣẹ yẹn.

Kì í ṣe pé ìjọba méjèèjì sùn. Nàìjíríà ti ní àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwọn ìlú ẹnubodè láti 2003, Bẹ̀nẹ̀ sì dá ABeGIEF sílẹ̀ ní 2012. Wọ́n ń kọ́ ilé ìwé, wọ́n ń gbẹ́ kànga. Ohun tó kù ni pé wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Iṣẹ́ tí a ṣe lẹ́bàá ààlà yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a jọ ṣe lórí ààlà. Ní ààlà Mali àti Burkina Faso, abúlé méjì, Wanian àti Ouarokuy, jà sí ilẹ̀ ní 2006. Lẹ́yìn ìjà náà, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ fún àwọn méjèèjì. Àjọṣepọ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ jù ni òfin. Ní Bẹ̀nẹ̀, kọ́múùnù ti ń yan olórí tirẹ̀ láti ìdìbò ìparí 2002, òfin sì gbà á láyè láti bá ìlú òkèèrè ṣe àdéhùn. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí náà, bí olórí kọ́múùnù Kétu bá na ọwọ́, alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n kò lè fọwọ́ sí ìwé kankan láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dé Àbújá. (Àwọn méjèèjì á sọ Yorùbá tán nínú ọgbà, wọn á wá kó ìwé wọn fún ògbufọ̀.) Àdéhùn Niamey, tí Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbà wọlé ní Malabo ní 2014, fẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lè máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ láti ìhà méjèèjì ààlà.

Àdéhùn CEDEAO ti 1979 fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, bí a bá ní ìwé ìrìnnà tí a sì gba ẹnubodè tí ìjọba mọ̀. Àgbẹ̀ tó ń kọjá lówùúrọ̀ tó ń padà nírọ̀lẹ́ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni aboyún tí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù wà lódìkejì.

Ní tiwa, ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Káàdì àjẹsára kan ṣoṣo fún ọmọdé, tí nọ́ọ̀sì Kétu àti nọ́ọ̀sì Ìmẹ̀kọ lè jọ kà, tí wọ́n kọ ní Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, owó rẹ̀ kò tó ti títì ọ̀dà kìlómítà kan.