Bí Fóònù Ṣe Lè Di Wàláà: Irinṣẹ́ Ọ̀fẹ́ fún Ọmọ Tí Ó Wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó fi ìmọ̀ dá ọmọ ènìyàn lọ́lá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí kan àwọn ọmọ tí wọ́n ń kúrò lábẹ́ àfáà, tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn kan ń lọ sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́jà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011. Àwọn kan ń lọ sí Anyigba, àwọn kan sí Ìlọrin tàbí Zaria, àwọn mìíràn sì wà ní Kabba níbí. Ní ilé-kéwú, àfáà ni ó ń gbọ́ kíkà ọmọ. Òun ni ó ń sọ pé, "Padà sí ti àná kí o tó gba ti òní." Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ yóò wọlé, yóò sọ tirẹ̀, yóò sì jáde; ẹni tí ó bá gbọ́, ó gbọ́. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó há ọ̀pọ̀lọpọ̀ súrà sórí fi lè lọ kùnà nínú ìdánwò ọdún kìn-ín-ní. Kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Ẹni tí ó ń to iṣẹ́ rẹ̀ fún un ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Fóònù tí ọmọ náà fi ń wo eré lóru lè ṣe ìdajì iṣẹ́ tí àfáà ń ṣe fún un, kò sì ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. A ní ìdajì, nítorí pé ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ìgbàgbé àti oògùn rẹ̀

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ẹni tí ó há Àlùkùránì wé ẹni tí ó ní ràkúnmí tí a so: bí ó bá ń ṣọ́ ọ, kò ní lọ; bí ó bá tú u sílẹ̀, ó di àwátì. Hadísì náà wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim.

Ní 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Ó há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, títí di ọjọ́ 31. Ó rí i pé láàárín wákàtí kan péré, ohun tí ó ju ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lọ ti ṣòfò. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ. Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé wá ń rọra rìn. Ní ọjọ́ 31, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tí ó bá padà sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tí ó tún padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan, yóò dì í mú ju ẹni tí ó kà á ní ìgbà mẹ́wàá ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn àfáà wa kò ka ìwé Ebbinghaus, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ọmọ fọ wàláà rẹ̀ àfi ìgbà tí ó bá lè ka ohun tí ó wà lára rẹ̀ láìwò ó.

Áàpù kan wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Anki ni orúkọ rẹ̀, Damien Elmes ni ó gbé e jáde ní 2006. Èdè Japan ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni híhá nǹkan sórí. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù Android, AnkiDroid ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ti iPhone ni wọ́n ń sanwó fún.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ìbéèrè sí iwájú káàdì kan, yóò sì kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí iwájú bá béèrè pé kí ni a ń pe kitābun bí ó bá pọ̀, ẹ̀yìn yóò sọ pé kutubun. Ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lè kọ orúkọ egungun ara. Ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lè kọ àrùn ọ̀gbìn àti ohun tí ó ń fà á. Bí áàpù bá bi í ní ìbéèrè, yóò kọ́kọ́ dáhùn nínú ọkàn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ẹ̀yìn káàdì, yóò sì sọ bóyá ó gbàgbé, tàbí ó le, tàbí ó rọrùn. Èyí tí ó gbàgbé yóò tètè padà wá. Èyí tí ó mọ̀ yóò lọ fún ọjọ́ díẹ̀; bí ó bá tún mọ̀ ọ́n, yóò lọ fún ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà fún oṣù.

Káàdì tuntun 10 lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12, ó di káàdì 600 kí ìdánwò tó dé. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ méjì wà. Kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì rẹ̀, nítorí pé inú kíkọ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó má sì há ohun tí kò tíì yé e. Kí ó kọ́kọ́ bi olùkọ́ tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀.

2. Títo àkókò

Mùsùlùmí kò ní láti wá ẹni tí yóò pín ọjọ́ fún un. Ọlọ́hun ti fi ìrun márùn-ún pín in. Ohun tí ó kù ni kí á mọ iṣẹ́ tí ó bọ́ sí àárín ìrun kan sí èkejì.

Google Calendar, tí ó jáde ní 2006, jẹ́ kàlẹ́ńdà ọ̀fẹ́ tí ó lè máa pe ọmọ létí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ jókòó ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ó kọ gbogbo wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sínú rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ tí wọn yóò gba iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí ó ní kí ó pe òun ní ọjọ́ 7 ṣáájú, kí ó tún pe òun ní ọjọ́ 1 ṣáájú. Ìpè àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ẹni tí a bá pè ní àṣálẹ́ tí ìdánwò kù sí ọ̀la, ẹ̀rù nìkan ni a dá bà á.

Ẹ wo bí ọjọ́ kan ṣe lè rí. Lẹ́yìn àsùbáà, ìdajì wákàtí fún Anki, nígbà tí orí ṣì tutù. Láti òwúrọ̀ títí di àìlà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn àlàásárì, kí ó tún ohun tí ó kọ ní kíláàsì kà, kí ó sì sọ ọ́ di káàdì kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín màgàríbì àti ìṣáì, Àlùkùránì rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣáì, iṣẹ́ àṣetiléwá, lẹ́yìn náà oorun. Ọmọ tí ó bá fi oorun ṣọ̀wọ́n fún ara rẹ̀, àsùbáà ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

3. Ibi tí a ń pa ìwé mọ́ sí

Wàláà lè fọ́. Fóònù náà lè bọ́ sómi, olè sì lè gbé kọ̀ǹpútà lọ nígbà tí iṣẹ́ àṣekágbá ku ọjọ́ díẹ̀ kí á gbé e sílẹ̀. Omijé kì í dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà. Bí ọmọ bá ń kọ ìwé rẹ̀ lórí Google Docs, tí ó sì ń fi wọ́n pamọ́ sí Google Drive, ìwé náà kò sí nínú fóònù nìkan mọ́. Yóò rí i lórí fóònù mìíràn bí ó bá ti mọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà sí ibi tí ó pamọ́. Bí ó bá sì lo kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, kí ó rí i pé òun jáde pátápátá kí ó tó dìde.

Ẹni tí ó ti dé ọdún ìkẹyìn lè lo Zotero, tí Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2006. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń pa orúkọ ìwé, òǹkọ̀wé àti ọdún mọ́, kí ọmọ má baà máa wá ojú ewé kiri ní òpin iṣẹ́ rẹ̀.

4. Ìwé kíkà

Láyé àtijọ́, ọ̀wọ̀n ni ìwé Lárúbáwá ní ìlú wa. Ẹni tí ó bá lọ sí Mẹ́kà ni ó ń gbé díẹ̀ bọ̀. Lónìí, al-Maktaba al-Shamila, tí a mọ̀ sí Shamela, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tàfúsírì, hadísì, fíkíhì àti gírámà jọ lọ́fẹ̀ẹ́. Quran.com ní Àlùkùránì pẹ̀lú ìtumọ̀ àti ohùn àwọn oníkíkà. Sunnah.com to hadísì ní nọ́ńbà, ní Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì.

Fún ẹ̀kọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì ẹ̀kọ́ láti ilé ti ìjọba àpapọ̀, tí a mọ̀ sí NOUN, gbé àwọn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan ti ìmọ̀ ìsìn Ìsìláàmù. Ẹni tí ìṣirò bá ń dà láàmú, kí ó lọ sí Khan Academy. Salman Khan ní Amẹ́ríkà ni ó dá a sílẹ̀. Ní 2004, ọmọ ìbátan rẹ̀ kan ni ó ń kọ́ ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn mìíràn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ àwọn náà, ibẹ̀ ni ó ti di ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé.

5. Ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń bi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ohun gbogbo. Ó wúlò bí a bá ní kí ó túmọ̀ ohun tí ó ta kókó, tàbí kí ó bi wá ní ìbéèrè kí á fi dán ara wa wò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀rọ náà ń to ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ó tẹ̀lé ara wọn ni. Ó lè to hadísì tí kò sí nínú ìwé kankan, kí ó sì fi nọ́ńbà sí i pẹ̀lú ìdánilójú.

Àwọn onímọ̀ hadísì kò gba ọ̀rọ̀ lásán. Imam Bukhari, tí ó kú ní 870, rin ìlú dé ìlú kí ó tó kó ìwé rẹ̀ jọ; ohun tí ó ń béèrè ni pé lẹ́nu ta ni o ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ta sì ni ẹni náà ti gbọ́ ọ. Kí àwa náà béèrè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá fún ọ ní hadísì, gba orúkọ ìwé àti nọ́ńbà rẹ̀, lọ wò ó ní Sunnah.com tàbí Shamela. Bí kò bá sí níbẹ̀, gbé e lọ bá àfáà kí o tó gbé e dé orí mínbárì tàbí inú ìwé ìdánwò. Fífi irọ́ mọ́ Ànábì kì í ṣe ohun kékeré.

6. Dátà, iná, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yin òbí

Ọ̀fẹ́ ni a pè wọ́n, ṣùgbọ́n dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́, iná kì í sì í wà nígbà gbogbo. Nítorí náà, kí á yan irinṣẹ́ tí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. AnkiDroid ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kiwix náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń jẹ́ kí á gba Wikipedia sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, kí á máa kà á láìfi dátà sí i mọ́. Wikipedia wà ní èdè Yorùbá, ó sì wà ní Lárúbáwá. Ẹnì kan lè gbà á sílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí ó sì fi mẹ́mórì káàdì pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Owó dátà ẹnì kan á sì to ogún ènìyàn.

Ẹ̀yin òbí, a mọ̀ pé ẹ̀rù fóònù ń bà yín, ẹ sì jàre. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ìmọ̀ yìí jìnnà sí wa. Al-Khwarizmi, Mùsùlùmí tí ó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni orúkọ rẹ̀ di algorithm, èyí tí àwọn ọlọ́pọlọ kọ̀ǹpútà fi ń pe ìlànà tí ẹ̀rọ wọn ń tẹ̀lé. Àdá kan náà ni a fi ń ṣán oko, òun náà ni ó ń ṣá ni lọ́wọ́. Kí ọmọ tó kúrò nílé, ẹ jókòó tì í ní alẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ó fi AnkiDroid, kàlẹ́ńdà àti Kiwix sórí fóònù náà lójú yín. Ẹ jẹ́ kí ó pa ìró àwọn áàpù yòókù. Bí ẹ bá sì pè é lórí fóònù, ẹ má béèrè owó àti oúnjẹ nìkan, ẹ bi í pé, "Káàdì mélòó ni o kà lẹ́yìn àsùbáà òní?" Ìbéèrè yẹn ni ìdajì kejì tí fóònù kò lè ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má kó irinṣẹ́ mẹ́wàá lọ. Ẹ fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi oṣù kan mọ̀ ọ́n lò, kí ẹ tó fi èkejì kún un.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó má jẹ́ kí làálàá ẹ̀yin òbí já sí asán, kí Ó sì jẹ́ kí wọ́n jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bí wọ́n ti wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìrun wọn àti Àlùkùránì wọn. Àmín.