Ìwé Alàwòrán Ọ̀fẹ́: Èènì Tí Ó Yẹ Kí A Tọ́jú

Bí ẹ bá lọ ra gàrí ní ọjà Ìlaro tàbí ní Ayétòrò, lẹ́yìn tí ìyá oní-gàrí bá ti wọn kóńgò yín tán, ẹ ó ní kí ó fi èènì sí i. Èènì kì í pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú oníbàárà padà wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ní èènì tiwọn. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ìwé ìtàn alàwòrán, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọ́míìkì, èyí tí a tẹ̀ láti fi polówó ọjà, tàbí láti fi polówó ènìyàn tàbí èrò kan. Ọ̀fẹ́ ni a sábà máa ń pín in. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, a kì í tọ́jú rẹ̀. Nítorí pé a kì í tọ́jú rẹ̀, ó máa ń ṣọ̀wọ́n ju èyí tí a fowó rà lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa wá a kiri kí wọ́n sì máa kó o jọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ní 1933, ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble tí ń ṣe ọṣẹ ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí ọjà wọn túbọ̀ tà. Ilé ìtẹ̀wé Eastern Color bá wọn kó àwọn ìtàn alàwòrán tí ó ti jáde nínú ìwé ìròyìn pọ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n pè ní Funnies on Parade. Ẹ̀dà 10,000 ni wọ́n tẹ̀. Wọn kò tà á. Ẹni tí ó bá fi kúpọ́ọ̀nù ọjà wọn ránṣẹ́ ni wọ́n ń fún. Maxwell Gaines, ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà, wá rò ó pé ohun tí àwọn ọmọdé ń dù báyìí lọ́fẹ̀ẹ́, bóyá wọn yóò fowó rà á. Wọ́n ní ó lẹ iye owó, sẹ́ǹtì 10, mọ́ ẹ̀yìn díẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó gbé wọn fún àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn, gbogbo rẹ̀ sì tà tán kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Ní 1934, Famous Funnies bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún títà. Ẹ ò rí i pé inú èènì ni òwò kọ́míìkì ti jáde.

Ní 1939, wọ́n pète òmíràn tí wọn yóò máa pín fún àwọn ọmọdé ní ilé sinimá. Motion Picture Funnies Weekly ni orúkọ rẹ̀. Ètò náà forí ṣánpọ́n. Ìwọ̀nba ẹ̀dà tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ni Bill Everett ti ya ìtàn Namor, ọmọ ọba abẹ́ òkun, tí ilé-iṣẹ́ Marvel ṣì ń lò títí di òní. Ní 1974 ni a tó rí ẹ̀dà mélòó kan láàárín ẹrù olóògbé kan tí ó ti ń tẹ ìwé bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tí ó jogún ẹrù náà bá ti fi í dáná ńkọ́?

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti di bàbá àti ìyá lónìí ka Supa Strikas, ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan àti ọmọkùnrin wọn tí ń jẹ́ Shakes. South Africa ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ó sì wọ Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó sanwó ni ó wà láyà ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù. Bí ìwé náà bá dé orílẹ̀-èdè mìíràn, orúkọ tí ó wà lára ẹ̀wù lè yàtọ̀, ìtàn kò sì yí padà. Ẹni tí ó bá ní méjì irú rẹ̀ lọ́wọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìpolówó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kà á, ẹ̀dà mélòó ni ó kù nílé yín?

Àwa ará Yewa tún ní àǹfààní kan tí ẹlòmíràn kò ní. Ẹnubodè ni a wà, láti Ìdí-Ìrókò títí dé Ìmẹ̀kọ. Àwọn ará Kétu, Pobẹ̀ àti Ṣakẹtẹ ń sọ èdè wa nílé, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kàwé, nítorí náà ìwé oríṣi méjì lè pàdé lágbègbè wa. Ìjọba ilẹ̀ Faransé fi ọ̀pọ̀ ọdún sanwó ìwé ọmọdé kan tí ń jẹ́ Kouakou, tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ń sọ Faransé, títí di 1998. Èdè àti orúkọ rere ilẹ̀ Faransé ni ọjà tí òun ń polówó.

Ní 1976 ẹ̀wẹ̀, a tẹ ìwé alàwòrán kan ní Paris nípa Ààrẹ Eyadéma ti Togo, ẹni tí ó ti yè nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní Sarakawa ní 1974. Ìwé náà sọ ọ́ di akọni inú ìtàn. Ó ṣe ìjọba láti 1967 títí ó fi kú ní 2005. Bí a kò bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́, báwo ni ọmọ ọ̀la yóò ṣe mọ ohun tí wọ́n fi í hàn fún àwọn ọmọ Togo?

Kì í ṣe pé gbogbo ìpolówó ni ó burú. Ní 1957, ẹgbẹ́ Fellowship of Reconciliation ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé alàwòrán olójú-ewé 16 nípa Martin Luther King àti bí àwọn aláwọ̀ dúdú Montgomery ti kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ wọn. Sẹ́ǹtì 10 péré ni, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bí a ti ń jà láìlu ènìyàn. Irinṣẹ́ kan náà ni. Ọwọ́ tí ó mú un ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá mú ìwé ọ̀fẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ta ni ó sanwó rẹ, kí ni ó sì ń fẹ́ lọ́wọ́ mi?

Bí ẹ bá fẹ́ kó irú ìwé yìí jọ, kò gba owó púpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí àwọn àgbà àti yàrá ìkẹ́rùsí ilé-ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ Comprehensive High School ti Ayétòrò, fún àpẹẹrẹ, ti wà láti 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ṣèrànwọ́ láti dá a sílẹ̀; kọ́bọ́ọ̀dù irú ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tó yẹ̀ wò, bí a bá ti gba àṣẹ. Ẹ má gé kúpọ́ọ̀nù inú ìwé náà; ìwé tí a ti gé kò pé mọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tí ó ya, nítorí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò sọ bébà di pupa rúsúrúsú. Oòrùn ń ba bébà olówó pọ́ọ́kú jẹ́, ọ̀rinrin ń mú kí wáyà tí a fi dì í dípẹtà, ikán kò sì mọ ìwé iyebíye yàtọ̀. Ẹ fi í sínú àpòòwé tí ó mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ó jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nìyí: ẹ mú bébà ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti rí i, ẹni tí ó fún yín, àti ọjà tí ó bá a wá, kí ẹ fi sínú àpòòwé kan náà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yìí ni ó ń sọ bébà lásán di ẹ̀rí. Kí èyí tí ó wà nílé yín tó di ohun tí a fi dì àkàrà, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀.