Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n Nínú Kọ̀ǹpútà: Gbólóhùn Kání àti Yíyẹ Irin Wò ní Agbègbè Trade Fair

Ìfáárà

Bí obìnrin bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, kì í fi ojú nìkan wò ó. Yóò gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ìka kàn án, yóò sì tẹ́tí. Bí ìkòkò náà bá dún gooro, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bí ó bá dún pàkà, yóò rọra dá a padà, nítorí ó ti mọ̀ pé ó ti sán níbi tí ojú kò tó. Kò fọ́ ìkòkò kí ó tó mọ̀ pé kò dára. Iṣẹ́ ọpọlọ tí obìnrin yìí ṣe ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin, ọ̀pá epo àti táǹkì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Agbègbè Trade Fair ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Ìpínlẹ̀ Èkó, ni a fi ṣe ojúkò. Fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti ọdún 1977 ni a kọ́ ọgbà ńlá náà, ọdún kan náà tí àwọn àlejò FESTAC dé sí Festac Town tí ó múlé tì í. Lónìí, ọjà ni ọgbà náà jù lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ASPAMDA sì ń ta ẹ́ńjìnnì, gíà àti oríṣiríṣi ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀, tuntun àti tókùnbọ̀. Kò jìnnà sí ibẹ̀ tí a ó fi rí àwọn táǹkì epo ràgàjì ní Ìjẹ́gùn-Ẹ̀gbá ní Satellite Town. Lábẹ́ ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà ni ọ̀pá epo tí wọ́n ń pè ní 2B gbà kọjá láti Atlas Cove lọ sí Mosimi lẹ́bàá Ṣàgámù. Irin ni wọ́n ń tà lókè, irin ni ó wà nísàlẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni a sì ń bi méjèèjì: ṣé ara rẹ̀ ṣì dá ṣáká?

Àyẹ̀wò láìba-nǹkan-jẹ́

Àyẹ̀wò láìba-nǹkan-jẹ́ ni a ó máa pe gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà mọ àléébù inú irin láìgé e, láìtú u, láìsọ ọ́ di aláìwúlò. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí irin lá ni àyẹ̀wò yìí ń wá, kí omi, ìdógùn-ún tàbí agbára gáàsì tó gba ibẹ̀ wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà yìí wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ èyíkéyìí. Bí a bá fura pé tọ́ọ̀pù sílíńdà ẹ́ńjìnnì ti sán, a ó fọ̀ ọ́ mọ́, a ó fi kẹrosíìnì pa á, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí kẹrosíìnì lè wọnú. Lẹ́yìn èyí, a ó nù ún gbẹ, a ó wá fi ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Bí ó bá ti sán, kẹrosíìnì tí ó sá pamọ́ sínú ojú sísán náà yóò máa yọ padà díẹ̀díẹ̀, yóò sì fa ìlà dúdú sójú ṣọ́ọ̀kì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n ẹ̀bá ọ̀nà lásán ni èyí. Láti ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ti ń fi epo àti ẹfun yẹ irin ọkọ̀ ojú irin wò, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò lónìí, pẹ̀lú aró pupa tí ó tàn yòò, ti ṣẹ̀ wá.

Ọ̀nà kejì súnmọ́ ti obìnrin oníkòkò. Ẹ̀rọ kékeré kan yóò rán ìró tí ó ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ sínú irin. Ìró náà yóò lọ títí dé ẹ̀yìn irin, yóò sì ta padà bí gbohùngbohùn inú àpáta. Nínú irin, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 5,900 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ògiri táǹkì bá nípọn ní mìlímítà 12, àlọ àti àbọ̀ ìró náà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bí ìdógùn-ún bá ti jẹ irin náà kù sí mìlímítà 9, yóò dín sí bí ìdá mẹ́ta. Ìyàtọ̀ bíńtín yìí ni ẹ̀rọ ń wọ̀n.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà: X-ray, èyí tí Röntgen ṣàwárí ní ọdún 1895, irin òòfà tí ó ń fa ìyẹ̀fun irin jọ sí ojú ibi tí ó sán, àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì sínú ọ̀pá epo kí ó máa yẹ ògiri rẹ̀ wò bí ó ti ń bá epo lọ. A kò ní dúró lórí wọn.

Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀, ta ni ògbufọ̀?

Ìṣòro wà níbí. Ẹ̀rọ kì í sọ pé, “Táǹkì yìí ti bàjẹ́.” Nọ́ńbà tàbí ìlà tí ó ń fò sókè sódò ni ó ń fi hàn, òye ènìyàn ni ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀dà bá wà lójú irin tí a kò há a kúrò, irin yóò dà bí ẹni pé ó nípọn ju bí ó ti rí lọ. Bí irin bá gbóná, ìró yóò falẹ̀ nínú rẹ̀, irin yóò tún dà bí ẹni pé ó nípọn sí i. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ìdógùn-ún bá ti jẹ irin títí tí ó fi fẹ́lẹ́ kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà, ẹ̀rọ lè pàdánù àbọ̀ ìró àkọ́kọ́, kí ó mú ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ó sì pe irin mìlímítà 1 ní mìlímítà 2. Ibi tí ó léwu jù yóò wá dà bí ibi tí ó lágbára. Ọmọ iṣẹ́ yóò kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, yóò sì kọjá. Ọ̀gá tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò dúró, yóò wo nọ́ńbà àwọn ibi tí ó yí i ká, yóò sì ní, “Rárá o, èyí kò bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu.”

Kí ni ọ̀gá yìí mọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ kò mọ̀? Ǹjẹ́ a lè gba ohun náà sílẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìntì, tàbí kí ó tó kú?

Ètò ọgbọ́n amòye

Ìbéèrè yìí ni ó bí ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní expert system, tí a ó pè ní ètò ọgbọ́n amòye. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ètò yìí sì ń yá ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n lò. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn àkọ́kọ́ ni MYCIN, tí Edward Shortliffe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1980, láti máa gba dókítà nímọ̀ràn lórí àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí òfin 500 ni ó wà nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n ti ń gbìyànjú láti fi irú ètò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ àmì tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń mú jáde nínú páìpù ilé-iṣẹ́ agbára núkílíà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ojú ènìyàn fi ń rẹ̀ ẹ́.

Kí ni òfin wọ̀nyí jẹ́? Ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ni: gbólóhùn kání.

“Bí ibì kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì ju àwọn ibi tí ó yí i ká lọ, tí kò sì sí irin mìíràn tí a jó mọ́ ọn níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí irin náà ti fẹ́lẹ́ kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà.”

“Bí irin bá ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ irinṣẹ́, kí a sì tún ibẹ̀ yẹ̀ wò kí a tó da epo sí i.”

Ẹ kíyè sí i pé ìparí gbólóhùn kìn-ín-ní ni ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì. Báyìí ni kọ̀ǹpútà ṣe ń so òfin mọ́ òfin títí yóò fi dé orí ìmọ̀ràn. Bí a bá sì bi í pé, “Èé ṣe?”, yóò ka àwọn òfin tí ó tẹ̀lé padà fún wa. Àwọn ètò òde òní tí ó ń kọ́ ara wọn láti inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán lè ríran jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà lè ṣàlàyé ara wọn bẹ́ẹ̀.

Amòye kì í sì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. “Ó ṣeé ṣe” àti “ó dájú” kì í ṣe ọ̀kan náà. Nítorí náà ni MYCIN ṣe ń fi nọ́ńbà wọn ìdánilójú. Bí ẹ̀rí kan bá fún wa ní 0.6 pé irin ti sán, tí ẹ̀rí mìíràn sì fún wa ní 0.5, a kò ní ro wọ́n pọ̀ kí ó di 1.1. Ẹ̀rí kejì yóò mú ìdajì nínú iyèméjì tí ó ṣẹ́ kù, èyí tí í ṣe 0.4, àpapọ̀ rẹ̀ yóò wá jẹ́ 0.8.

Àwọn kan lè sọ pé Ifá ti ṣe èyí ṣáájú, pẹ̀lú Odù 256 àti àìmọye ẹsẹ. A kò tako àfiwé náà, ṣùgbọ́n ó níbi tí ó mọ: lọ́dọ̀ babaláwo, ẹni tí ó wá dáfá ni ó máa ń dá ẹsẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu mọ̀, nínú ètò ọgbọ́n amòye, òfin ni ó ń yan ara rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 2020, ìbúgbàmù ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní Sọ́bà, Abúlé-Adó, nítòsí Trade Fair. Ó lé ní ogún ènìyàn tí ó kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sì di àlàpà. Ilé-ìwé Bethlehem Girls’ College bàjẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé náà, Sister Henrietta Alokha, sì kú níbi tí ó ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde nínú ewu. Àlàyé tí NNPC ṣe nígbà náà ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí a tò sí ilé-iṣẹ́ gáàsì kan lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀pá epo 2B.

Kí a má purọ́: bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí àyẹ̀wò ara irin tí ì bá dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Ohun tí ọjọ́ náà fi hàn ni bí ilé, ilé-ìwé àti irin tí ó kún fún agbára ṣe súnmọ́ ara wọn tó. Irin bẹ́ẹ̀ kì í ké kí ó tó bẹ́. Ìṣirò ni ó ń ké fún un. Táǹkì tí ó jẹ́ mìlímítà 12 ní ọdún 15 sẹ́yìn, tí ó wá kù sí 9, ń pàdánù mìlímítà 0.2 lọ́dún. Bí 7 bá ni òpin ohun tí ó lè fara dà, ọdún 10 ni ó kù fún un, àṣà àwọn tí ó mọ iṣẹ́ sì ni pé kí a tún un yẹ̀ wò kí ìdajì àkókò yẹn tó pé. Bí a bá ka irin tí ó ti fẹ́lẹ́ sí ìlọ́po méjì, gbogbo ìṣirò yìí wó.

Gbígba ìmọ̀ lẹ́nu amòye

Edward Feigenbaum, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀, ti tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ ti máa ń há, bí kò ṣe níbi gbígba ìmọ̀ lẹ́nu amòye. Ẹ bi mẹkáníìkì àgbà bí ó ṣe mọ̀ pé irin tí ó kàn ti sán. Yóò ní, “Etí mi ló mọ̀ ọ́n.” Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n a kò lè kọ ọ́ sínú òfin.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka Yorùbá. Èdè wa kún fún ọ̀rọ̀ ajẹmọ́-ìró tí ó ń ya ìró kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ṣùgbọ́n gooro ẹnì kan lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. A ní láti gba ohùn irin náà sílẹ̀, kí a so ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìró tí ó ń tọ́ka sí, kí a sì wò bóyá amòye mẹ́ta yóò fohùn ṣọ̀kan. Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni èdè ọjà Trade Fair. Ìgbò àti Pijin gbilẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí yóò nílò ògbufọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta. Kí ó gbé irin méjì, ọ̀kan tí ó dára àti ọ̀kan tí ó sán, síwájú amòye, kí ó ní kí ó sọ ìyàtọ̀ wọn. Kí ó ní kí ó máa sọ ohun tí ó ń rò jáde bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Kí ó wá bi í nípa ọjọ́ tí etí rẹ̀ tàn án jẹ. Ìbéèrè kẹta ni ó sábà máa ń pẹ́ jù, òun ni ó sì ń mú gbólóhùn kání tuntun jáde jù: “Bí epo tí ó ti gbẹ bá wà lára irin, a jẹ́ pé kò sí ohun tí dídún pàkà rẹ̀ fi hàn, kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná.”