Irun Dídì àti Irun Kíkó nínú Àwòrán Ojeikere Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà. Kí ó tó di olóògbé ní 2014, àwòrán irun náà ti tó nǹkan bí 1,000, gbogbo rẹ̀ dúdú òun funfun. Ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà, kí iṣẹ́ onídìrí lè hàn ju ojú ẹni tí ó ni irun lọ.

Púpọ̀ nínú wọn wà nínú àkójọ àwọn mùsíọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wíwá wọn gba ọgbọ́n. Ẹni tí ó bá fi àmì ohùn sí orúkọ irun lè má rí nǹkan kan, nítorí "Onile Gogoro Or Akaba" (1975) ni àkọlé ọ̀kan, láìlámìí. Ó yẹ kí a dá àmì náà padà nígbà tí a bá ń lò ó: onílé gogoro, àkàbà. Ilé gíga àti ohun tí a fi ń gùn ún ni onídìrí ní lọ́kàn.

Ohun tí àkọlé kò sọ tún wà. Yorùbá ya irun dídì, tí a fi ọwọ́ lásán dì, sọ́tọ̀ kúrò lára irun kíkó, tí a fi òwú wé. Hairstyles ni àkójọ náà pe méjèèjì. Ẹ sún àwòrán mọ́ ojú: òwú yóò hàn.